Akunlé Nídìí Bílẹ́ńdà

Bí ẹ bá bi ọkọ mi bóyá ó mọ oúnjẹ sè, á ní òun lòun kun ilé ìdáná wa. Lójú tiẹ̀, ìyẹn ti tó. Akunlé ni. Ọdún kẹsàn-án tá a ti fẹ́ra rèé, ohun tó sì máa ń gbé e dé ìdí sítóòfù kò ju kó wá béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná. Nígbà tó wá pàṣẹ fún mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé kí n jókòó, pé òun ló máa lọ èso tí ọmọ máa mu, mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo jókòó ṣá. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Adájọ́ là ń pè é, torí kò sí ìjà èmi àti bàbá rẹ̀ tí kì í dá sí, ẹjọ́ tó bá sì dá kò ní kòtẹ́milọ́rùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n yọ ẹran méjì tó máa ń wú sí i lọ́fun nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àmọ́ láti ìgbà tá a ti gbé e délé lọ́jọ́ kejì ló ti pa ẹnu dé. Omi kò wọlé, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bí mo bá gbé síbí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ètè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yẹn. Ó ní tí kò bá tíì mu ife méjì, ó kéré tán, kó tó di aago mẹ́rin, ká gbé e padà wá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi sí i lára. Adájọ́ gbọ́. Kò ké, omijé kàn ń já bọ́ ni. Èmi tí mò ń kọ́ ogójì ọmọ ní kíláàsì, tó jẹ́ pé bí mo bá wúkọ́ lásán, gbogbo wọn á dákẹ́, mo sá wọ balùwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọkọ mi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìbẹ́pẹ sínú bílẹ́ńdà, ó da wàrà lé e, ó sì di ojú kan wò ó bó ṣe ń yí. Kò tọ́ ọ wò o. Àwọ̀ ló ń wò. Ó ní ó pọ́n jù, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ó ní ó wá funfun jù, ó fi ìbẹ́pẹ sí i. Kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ohun tó wà níbẹ̀ ti tó agboolé mu.

Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kan, kò sì gbọdọ̀ ní ohunkóhun tó lè ha á lọ́fun, nítorí náà ó di dandan ká sẹ́ ẹ. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin yìí fún ìṣẹ́jú kan péré. Ìgbà tí mo padà, ìbọ̀sẹ̀ gígùn mi tuntun, èyí tí mo tọ́jú sínú ọ̀rá rẹ̀ de ìpàdé àwọn òbí, ló nà sẹ́nu abọ́, tí ìbẹ́pẹ ń kán gba inú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń sẹ́ ọ̀dà tó bá dì. Ìbínú gbé mi dìde, ẹ̀rín sì gbé mi jókòó padà.

Adájọ́ wo ife náà, ó mi orí. Bàbá rẹ̀ ò bá a jiyàn, ó ní oníbàárà lọ̀gá. Ó lọ píà, ó dà bí ewé tútù. Adájọ́ mi orí. Ó lọ máńgòrò, Adájọ́ tún mi orí. Èyí tó bá sì ti kọ̀, bàbá á gbé e mu, torí a kì í da oúnjẹ nù. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ti ń fọwọ́ ti ẹ̀yìn rìn bí aboyún. Mo ní kó sinmi. Ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu tèmi. Mo ti ń kó aṣọ ọmọ sínú báàgì.

Ó gé bàrà olómi, ó rẹ́ bíìtírúùtù kékeré kan tí mo fẹ́ fi ṣe sàláàdì mọ́ ọn, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ. Ó pọ́n yòò. Adájọ́ mi orí. Ọkọ mi mu díẹ̀ níbẹ̀, ó la ẹnu pé kóun sọ̀rọ̀, ni ojú ọmọ bá dúró sí ẹnu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Ọkùnrin náà rí ibi tí ọmọ ń wò. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Adájọ́, èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. "Inú garawa ni mo ti ń fi ọ̀dà hàn ọ́ látàárọ̀. Ara ògiri la ti ń dán an wò."

Ó yọ ahọ́n síta gbọọrọ, ó ní kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dọ́gba. Adájọ́ tẹ̀ síwájú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ìka sí ibì kan tí kò gba àwọ̀. Bàbá ní òótọ́ ni, ògiri àtijọ́ ni tòun, kì í gba ọ̀dà mọ́, ògiri tuntun lòun ń wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ilé ìdáná yíká bí ẹni tó ń wá ògiri lóòótọ́. Mo di ẹnu mi mú.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ gbé ife. Ó di ojú, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó gbé e mì. Mo gbọ́ ọ bó ṣe lọ. Ó wá yọ ahọ́n. Ọkọ mi wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó ṣe pálapàla, pé ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan kì í bo ògiri. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ní etí ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbà. Ó tún mu ún. Bàbá ní ẹ̀yìn ahọ́n ńkọ́. Irọ́ ń já geere lẹ́nu ọkọ mi, ọmọ ń mu, èmi ń gé bàrà bí ẹni tí ajá ń lé. Ìgbà tí èyí tó wà nílẹ̀ tán, èmi fúnra mi ni mo lọ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì wá.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí mo pe dókítà pé a ò wá mọ́. Ife méjì ààbọ̀. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ń ṣe mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rí i pé Adájọ́ ti dúró tì mí, ètè pupa, ife lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ yọ ahọ́n yín."

Ohùn náà ti ha, ó sì kéré. Òun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Ní kíláàsì mi, ọmọ tó bá yọ ahọ́n máa kúnlẹ̀ ni. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè tún gbọ́ ohùn náà, mo ní kí ló wí.

"Mo ní kẹ́ ẹ yọ ahọ́n yín," ló tún wí, ó ti ń bínú. Mo sì yọ ọ́.