Títí Òjò Á Fi Dá

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó wá ṣàwàdà máa ń dúró sí, tí wọ́n á dí méjèèjì pa. Kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù sí ilẹ̀kùn yìí ni àga iṣẹ́ wà. Wọ́n fi irin so tábìlì rẹ̀ mọ́ ògiri lápá kan. Bí o bá jókòó tán, wàá fà á wálẹ̀ sórí itan rẹ, o ò sì ní lè dìde mọ́ àfi tí o bá kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Bàbá tó bí bàbá mi ló kàn án bẹ́ẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa sá jáde lọ ṣeré.

Orí àga yẹn ni wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ tí a péjọ láti rántí bàbá mi, aránbàtà tó dàgbà, tó darúgbó, tí a sin ní oṣù tó ṣáájú. Àgbàlá la fẹ́ lò, òjò ni kò gbà. Ni gbogbo èèyàn bá rọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àga ò kárí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n wọ inú kọ̀rọ̀ lọ, pé ibẹ̀ ṣáà ti mọ́ mi lára. Ó fa tábìlì wálẹ̀ sí mi lórí itan, ó gbé tíréè ife àti bisikíìtì lé e, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Láti kékeré ló ti mọ ibi tó tura.

Mi ò bínú. Lọ́kàn mi, mo ti kúrò níbẹ̀. Ẹrù mi ti wà ní dídì nínú yàrá. Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ìlú ńlá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ti tún yàrá kan ṣe dè mí, ó ní fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Mo ti di opó láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, nínú ilé bàbá mi ni mo sì ti hu ewú. Mọ́tò àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti gbà: bí ìpàdé bá ti parí, a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà mọ́ nílé wa. Ohun tí gbogbo ayé gbà nìyẹn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ló fẹ́ gbé mi dé odò.

Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Okùn tó bá fi rán bàtà máa ń dà sápá òsì, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá gbé bàtà tí wọ́n rán níbòmíràn wá, bàbá á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ọmọ òrukàn rèé. Nígbà tó di arúgbó, ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Ó pè mí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn, òkùnkùn sì bò wá.

"Mi ò ríran mọ́," ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á máa wá kí mi bí ẹni tó ti kú. Bá mi rán an. Ọwọ́ òsì ni kó o fi rán an."

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo. Mo ti mọ iṣẹ́ náà láti kékeré, nítorí ẹni tó bá jókòó ti aránbàtà á mọ bí a ti ń rán bàtà, ó fẹ́, ó kọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ òsì mi tó mọ òòlu dì mú, ìyẹn irin ṣóńṣó tí a fi ń dá awọ lu, mo gún ara mi títí ìka mi fi dà bí asẹ́. Láti ìgbà náà, bàbá á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, bàtà lórí itan, òòlu lọ́wọ́, á máa bá àwọn oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Èmi á wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nínú kọ̀rọ̀, tábìlì lórí itan, òógùn lójú, màá máa rán bàtà ìlú. Wọ́n rò pé òwú ni mò ń nà sí i. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Inú rẹ̀ sì ń bí mi lójoojúmọ́. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé nínú mi, wọn kì í jà.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ bí bàbá ṣe máa ń fi òwú wọn ẹsẹ̀ wa nígbà tí a bá sùn, nítorí tí ojú bá là sílẹ̀, òun ẹ̀gbọ́n mi á na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè gba bàtà àgbà. Ó sọ bí bàbá ṣe máa ń pọn ìyá wa lọ sẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá wa kọ̀ láti rìn, tí á máa pariwo pé kí a yà fún ọkọ̀ ńlá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí gbogbo wọn ń retí. Bàbá ò fẹ́ ṣe aránbàtà rárá. Awakọ̀ ló fẹ́ ṣe. Ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà tán, ọ̀gá kan ti ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́, ni ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ bá kọṣẹ́ nígbà òjò. Ló bá ní kí òun bá wọn di ṣọ́ọ̀bù mú títí òjò á fi dá. Ó dì í mú, ó fẹ́yàwó, ó bí wa, ó tọ́ wa, ó gbéyàwó fún ẹ̀gbọ́n mi, ó fi èmi fọ́kọ, ó sin ìyá wa, eyín rẹ̀ ká.

"Òjò yẹn ò dá mọ́ o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà lẹ́yìn aṣọ ni mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á dẹ etí títí ariwo ọkọ̀ náà á fi lọ tán. Ìgbà náà ló tó máa bá àwàdà rẹ̀ lọ. Láti kékeré mi ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà níwájú wá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e sókè. Ó ní ọdún tó kọjá ni bàbá rán an fún òun. Kí a wo okùn rẹ̀ bó ti tò, kí a wo bó ti dà sósì, ẹni tó ti tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí. Bàtà náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń mi orí. Ó dé ọwọ́ mi. Mo rí ibi tí mo ti tú okùn tí mo sì tún un rán nígbà tí ibà ń ṣe mí. Mo gbé e fún ẹni tó kàn. Ó dùn mí dé egungun. Ó ń ṣe mí bíi kí n kígbe pé èmi ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹrù mi á di títú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi bisikíìtì dí tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kéde pé ọ̀la ni mò ń lọ, pé a ó ti ibẹ̀ pa. Ó ní èmi ni mo gbádùn bàbá jù nínú gbogbo wọn, mi ò ṣe ju kí n na òwú, kí n sì gbọ́ àwàdà ọ̀fẹ́ lọ. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo mú bisikíìtì mìíràn.

Ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ dé, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàtà ẹsẹ̀ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ gíga tí a fi awọ lé orí awọ. Láìsí i, kò lè nàró gẹ irun ẹnikẹ́ni. Àgbàrá ti bó àtẹ́lẹsẹ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn lórí ẹsẹ̀ kan, ó di òpó ilẹ̀kùn mú, bàtà tó ya àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó bó wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n sún fún un. Àwọn kan ní kó lọ bá àwọn aránbàtà ìlú ńlá. Ó ní òun ti dán an wò rí, bàtà tí wọ́n ṣe fún òun dá òun lulẹ̀ nígbà tí abẹ òun wà lọ́rùn oníbàárà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi kún ojú rẹ̀.

"Kò burú," ó ní. "Nígbà tí Bàbá ti lọ, èmi náà á ti tèmi pa."

Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára gbé ojú kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀. Ọ̀kánkán wa ló ti ń gẹ irun ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ti ń wo ọwọ́ bàbá mi tó di òòlu mú tí kò lọ tí kò bọ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ó fẹ́ jẹ́ kí n lọ. Bó bá bẹ̀ mí ni, ǹ bá kọ̀ fún un.

"Ẹ gbé e wá," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bàtà náà ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sún tíréè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò wá òòlu káàkiri. Abẹ́ tábìlì ni ìṣó tí a ń gbé e kọ́ wà, níbi tí ọwọ́ òsì máa ń bọ́ sí. Kí n tó rò ó, ọwọ́ òsì mi ti mú un. Mo ti òwú bọ ẹnu, mo fi eyín já a. Obìnrin oníbúrẹ́dì wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo bàtà.

"Láti ìgbà wo?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ló kọjú sí mi, ó ní:

"Àbúrò mi, ọ̀la lo ń lọ. Fi í sílẹ̀."

"Mo ṣì ń lọ, ẹ̀gbọ́n," mo ní fún un. "Ẹ jẹ́ n kàn bá yín dì í mú títí òjò á fi dá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ náà sórí tábìlì, mo wá ojú ibi tí màá gún. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà nínú omi. Ọwọ́ mi dúró títí ariwo rẹ̀ fi lọ tán, lẹ́yìn náà ni mo gún awọ.