Ẹ̀kọ́ Ìkíni Alẹ́

Ní yunifásítì kan ní òkè òkun, ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ti ń bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀. Mojírádé bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, ó sì ká èdè Yorùbá rẹ̀ bí ẹni ká ìbọ̀sẹ̀, ó ki èdè náà bọ inú bàtà ẹsẹ̀ òsì. Nínú èdè ilé ẹni, ti ẹnu nìkan ni wọ́n ń bọ́. Ti etí kò ṣeé bọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣe bí ọmọ ilé ìwé fún un bọ́ èdè Jàpáànù tiwọn, ti ẹnu ti etí, nítorí ẹni tí a fẹ́ kọ́ kò gbọdọ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ èdè Jàpáànù, Mojírádé ló sì kàn lọ́jọ́ náà láti kọ́ni. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, àwọn bàtà wọn ń bá ara wọn sọ èdè Jàpáànù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí pẹpẹ, bí àwọn ìyá ìjọ tó ń gbàdúrà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kuródà, ọ̀gá wọn, jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Kì í gbé ohùn sókè, bí ẹnì kan bá sì kùnà lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, yóò sì dúpẹ́ títí tí ẹni náà yóò fi jáde. Ó ti sọ fún Mojírádé pé èdè Jàpáànù nìkan ni kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kan ṣoṣo bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, tàbí tí ó bá fi kíláàsì sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó parí, kò ní di olùkọ́ mọ́ láé. Mojírádé ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wá iṣẹ́ yìí. Ó tẹríba, ó gba káàdì àwòrán lọ́wọ́ ọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìkíni ni. Ó gbé káàdì oòrùn sókè, ó kí wọn bí wọ́n ti ń kíni láàárọ̀ ní Jàpáànù. Oòrùn inú káàdì náà mú, ó jó o lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e. Ọlátéjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ èdè náà jù ú lọ, pè é wọ́gọwọ̀gọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ọlátéjú ní, “Tíṣà, ẹ rọra ṣe é. Ọ̀rọ̀ kò tètè wọ orí wa ní ìhín.”

Ìgbà náà ni ìyá Mojírádé wọlé. Kò bọ́ bàtà, nítorí kò wọ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ funfun tí wọ́n fi sin ín ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì dọ̀tí. Bí ó ti ń rìn lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì ni àwọn àga ń di bẹ́ǹṣì ìjọ wọn ní Ìrágbìjí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí èyí tí Ọlátéjú jókòó lé.

Màmá ní, “Sún fún mi, ọmọ mi. Ibi tí mo ti ń bọ̀, kò sí àyè ìjókòó.”

Ọlátéjú sún. Màmá jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wo Mojírádé bí ó ti máa ń wò ó nígbà tó bá ń ka Bíbélì níwájú ìjọ.

“Mojí,” ó ní, “ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ọ pé mò ń sùn. N kò tíì sùn.”

Òótọ́ ni. Nígbà ìdánwò, gbogbo ìgbà tí Mojírádé bá tẹ ilé láago láti òkè òkun, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Adégòkè ń sọ ni pé Màmá ń sùn. Àwọn àgbà ẹbí ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ọkàn ọmọ má baà dà rú kúrò nínú ìwé. Ìgbà tó fi parí ìdánwò, tí wọ́n wá sọ fún un, koríko ti bo sàréè.

Màmá ní, “Gbogbo wọn ti kí mi tán létí sàréè. Gòkè kí mi. Àlùfáà kí mi. Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè èlùbọ́ pàápàá kí mi. Ìwọ nìkan ló kù. Sọ fún mi pé ó dàárọ̀, ọmọ mi, kí n lè sùn.”

Mojírádé la ẹnu. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń wà nínú ẹnu rẹ̀ ṣófo, bí ibi tí wọ́n ti yọ eyín. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Pẹpẹ bàtà kò jìnnà, ẹni tó bá na ẹsẹ̀ dáadáa yóò débẹ̀ kí ọmọdé tó ṣe àmín. Ọ̀gbẹ́ni Kuródà rí ojú rẹ̀. Ó ṣí ẹnu díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Mojírádé kò lọ síbi pẹpẹ. Ó mú káàdì tó gbẹ̀yìn, èyí tí àwòrán ẹni tó ń sùn wà nínú rẹ̀. Obìnrin inú káàdì náà la ojú sílẹ̀.

Ó ní, “Oyasuminasai.” Ohun tí wọ́n ń sọ ní Jàpáànù fún ẹni tó ń lọ sùn nìyẹn, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú bó ti pè é.

Gbogbo kíláàsì tún un sọ. Màmá náà gbìyànjú. Kò sí ohun tí ọmọ rẹ̀ mú bọ̀ láti ilé ìwé rí tí kò bá a tẹ́wọ́ gbà. Ó pè é títí, ó já sí i lẹ́nu, ó wá yíjú sí Ọlátéjú.

“Ọmọ mi, ṣé ‘ó dàárọ̀’ ló sọ yẹn?”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Ọlátéjú wí. “Ẹnu ọ̀nà ni mo bọ́ Jàpáànù tèmi sí. Èmi náà kò gbọ́ ọ.”

Màmá bi èyí tó kàn, ó bi èyí tó tẹ̀ lé e, ó bi wọ́n títí dé ìdí fèrèsé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wá dìde. Kò bínú. Ó ní kí Mojí tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀, ó sì tẹríba fún un bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹríba fún olùkọ́, òun tó bí i. Ó jáde, bẹ́ǹṣì sì tún di àga.

Ọ̀gbẹ́ni Kuródà kò dúpẹ́. Ó ní Mojírádé yege. Ó ní ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, àti pé láti òní lọ, olùkọ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó sì dúró gbọ́ àtẹ́wọ́ náà tán, nítorí ẹ̀kọ́ kò parí títí àtẹ́wọ́ yóò fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìta ti di ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí Ìrágbìjí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Gbogbo bàtà yòókù ti dákẹ́. Tirẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn Mojírádé gan-an ló sì ń fi sọ ọ́, sí ọ̀nà tó ṣófo.

“Ó dàárọ̀, ìyá mi. Ó dàárọ̀. Ó dàárọ̀ o.”

Mojírádé kò mọ ìgbà tí bàtà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàtà náà dákẹ́.