Bẹ́líìtì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Òun Ti Pààrọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọ ìyá kì í tan ara wọn jẹ. Ọmú kan náà ni èmi àti Ọdẹ́yẹmí, ẹ̀gbọ́n mi, jọ mu. Òun ló ta mọ́tò tòkunbọ̀ fún mi ní Ajégúnlẹ̀, kí n lè máa fi kó àwọn ọmọ Àpápá GRA lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Nígbà tí mo gbé mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ Nnaemeka, mẹkáníìkì mi, ó ní ká kọ́kọ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn tó wà nínú ẹ́ńjìn.

"Àǹtí Tèmítọ́lá, ẹ má gba mítà tòkunbọ̀ gbọ́ o. Dem dey turn am back. Tí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí ìrìn, engine don die be that."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo bi í bóyá ó ti pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ohùn rẹ̀ le.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ ẹ̀. Àbí irọ́ ni mò ń pa fún ẹ ni? Mo fi ọmú ìyá wa búra!"

Ta ló máa gbọ́ irú ìbúra bẹ́ẹ̀, tí á tún ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìn wò? Bí ẹni pe ẹ̀gbọ́n ní òpùrọ́ ni. Mo ní kí Nnaemeka fi í sílẹ̀.

Bẹ́líìtì já ní Creek Road, láàárín tírélà, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òbí wọn ti ń pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣeun, a ti rí ẹlòmíì.

Nnaemeka tú ẹ́ńjìn. Bẹ́líìtì náà ti gbẹ, ó ti sán bíi gìgísẹ̀. Àwọn bóòtù tí wọ́n fi de ìdérí rẹ̀ ti dógùn-ún.

"Sípánà ò kan àwọn wọ̀nyí rí láti ìlú òyìnbó," ló wí.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ọjọ́ tí mo ní kí n fi mọ́tò náà gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má da ara mi láàmú, ó sì háyà mọ́tò mìíràn fún wọn. Mo tiẹ̀ súre fún un pé ó mọ tèèyàn rò!

Mo tún pè é. "Bùrọ̀dá, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ yín wọ̀ ọ́. Ṣé ọmọ ọlọ́mọ lẹ ní kí n fi dán an wò?"

Ó ní, "Mo rò pé á ṣì ṣeé lò díẹ̀ sí i ni."

Mo pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní bùrọ̀dá mọ́.