Bọ́tìnnì Ara Ìbọn Noella

Ìbọn méjì ni Galen tó ń tajà ìbọn tẹ́ síwájú Noella, kò sì mọ èyí tí ìbá mú. Méjèèjì kúrú, irú èyí tí èèyàn ń gbé wọ irà igi kédárì láìjẹ́ pé ẹ̀ka ń dì í lẹ́nu mú. Méjèèjì ní irin lábẹ́, tí wọ́n ń fọwọ́ tì sílẹ̀ kí wọ́n tún fà á sókè kí ọta tó bọ́ sípò. Ìyàtọ̀ wọn ò ju bọ́tìnnì kan lọ. Ìbọn àtijọ́ ò ní in. Ti tuntun ní in lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, òòlù ẹ̀yìn ìbọn lè máa já lulẹ̀ títí di ọ̀la, ọta ò ní jáde.

Fernand, bàbá ọkọ rẹ̀, ti gbé ti àtijọ́ dání bí ẹni tó ti sanwó tán. Normand ọkọ Noella ni ìbá bá a lọ sígbó, àmọ́ igi gẹdú ti ṣe é léṣe lẹ́yìn níbi iṣẹ́, kò lè dìde, Noella ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ẹran ò bá sì wọlé kí òtútù tó mú kankan, ẹ̀wà lásán ni wọn yóò máa fi jẹ ployes, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, títí ooru yóò fi dé.

“Ìyàwó, ìbọn oníbọ́tìnnì, ìbọn ojo ni,” ni Fernand wí. “Kí o tó rántí ṣí i, àgbọ̀nrín á ti dé Kánádà, á ti jẹun alẹ́.”

Galen rẹ́rìn-ín. Noella ò rẹ́rìn-ín. Reno, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń rò. Nínú irà tí wọ́n fẹ́ lọ yìí kan náà ni ọdẹ kan ti yìnbọn pa á, tó ní àgbọ̀nrín lòun rí. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Kì í ṣe pé Noella ń bẹ̀rù kí wọ́n yìnbọn fún òun. Ojú ara rẹ̀ gan-an ló ń bà á lẹ́rù, torí ojú tó tan ọdẹ yẹn jẹ lè tan òun náà jẹ. Ó ní èyí tó ní bọ́tìnnì lòun ń mú. Fernand yínmú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, bàbá fi í sí ẹ̀bá odò kékeré kan, ó ní kó má kúrò níbẹ̀, òun yóò lé ẹran jáde sí i. Àwọn méjèèjì wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yanran, nítorí ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ nínú igbó yẹn ń fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Noella jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì pa, ó ṣí i, ó tún tẹ̀ ẹ́ pa. Ó dánìkan ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá, títí ìka rẹ̀ tó ti kú fún òtútù ò fi mọ èwo ni ṣíṣí, èwo ni pípa.

Ìbọn dún nínú irà. Gbogbo rẹ̀ wá pa rọ́rọ́. Noella dìde. Nígbà tó ṣe, ewé kédárì mì, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì ń bọ̀, ó rẹlẹ̀, ó ń rìn, ó ń dúró, bí ẹran tí ọta ti bà ṣe ń ṣe. Noella wá àwọ̀ ọsàn títí, kò rí i. Ó fa òòlù sẹ́yìn, ó fojú sun nǹkan náà, ó yìn ín.

Kẹ́.

Òòlù já lulẹ̀ lásán. Nǹkan náà dúró gbọin.

“Noella,” ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́ láti inú igbó. “Èmi ni o.”

Fernand ni, nínú kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ó ti ta ẹran lọ́gbẹ́, ó sì ti bọ́ ẹ̀wù ọsàn rẹ̀ kọ́ sórí ẹ̀ka níbi tí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ gbé kán sílẹ̀, bí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ti ń ṣe kí ibẹ̀ má baà sọnù mọ́ wọn lójú. Ó wá ń bẹ̀rẹ̀ tọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Noella jókòó sínú omi, ó ń sunkún. Bàbá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo bọ́tìnnì náà, ó rí i pé ó ṣì wà ní títẹ̀ pa. Wọ́n rí òkú ẹran náà lápá òkè odò, wọ́n sì wọ́ ọ dé ahéré.

Ní ahéré ọdẹ, ẹni tó bá yìnbọn tí kò bà, wọn a gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn a kàn án mọ́ ògiri, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Noella mú síṣọ́ọ̀sì fún bàbá, ó kẹ̀yìn sí i, ó fa ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde.

“Ẹ gé e, Bàbá. Mo yìn ín, mi ò bà á.”

Fernand ò gé e. Ìdí ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fà jáde.

“Èmi tí mo bọ́ ẹ̀wù ńkọ́?” ó wí. “Èmi tí mo sọ pé ìbọn ojo ni ńkọ́?”

Ó gé tirẹ̀. Noella ò kúrò níbi tó kẹ̀yìn sí, ó dúró títí bàbá fi gé tòun náà. Ìṣó kan ṣoṣo ló fi kan méjèèjì mọ́ ògiri.