Kọ̀ǹpútà Mùnírù Níbi Wòlímọ̀ Ruqoyyah

Nígbà yẹn, kíréènì pọ̀ lójú ọ̀run Dublin ju ẹyẹ lọ. Bí Àlájà Làtífátù bá sì kọ wákà ní Tyrrelstown, àwọn tó ń najú létí òkun ní Dún Laoghaire, lódìkejì ìlú, á dúró gbọ́ ọ. Kò sí ọmọ kéú tó ṣe wòlímọ̀ tí kì í ṣe òun ló fi orin sìn ún dé orí ẹní tó ti máa ka kéú. Ìgbà tó wá kan Ruqoyyah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́nà ọ̀fun. Ohùn orin ò jáde mọ́. Kí ọmọ yìí má ṣáà rìn wọlé láìsí orin, ìyẹn nìkan ló ń rò.

Mùnírù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe sikiọ́rítì, ní kọ̀ǹpútà òun mọ orin ju igba èèyàn lọ.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Á kọ ọ́ débi tẹ́ ẹ máa gbàgbé pé ẹ kọrin rí.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Mùnírù fi tẹ orin Màmá sínú kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bíi tòmátì.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, gbọ̀ngàn kún débi pé ògiri ń làágùn. Orin bẹ̀rẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà, kò ṣì níbì kankan. Ruqoyyah gbé ẹsẹ̀ méjì, ló bá dúró. Ó fi gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ ní gbogbo èèyàn ń wo òun. Orin ò dúró ní tiẹ̀. Orin ti dé ibi tí ọmọ ti ń jókòó sórí ẹní, ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fẹ́ yí padà.

Mùnírù bojú wo Màmá. Ọwọ́ Màmá ń lu itan rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ìgbà yẹn ló yé e. Ó dá orin padà síbi tó ti ń pe ọmọ, ó tún dá a padà, bí ìgbà ogójì. Ẹsẹ̀ kan tí Ruqoyyah bá gbé, á jẹ́ kí orin sún díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ rìn dé orí ẹní.

Lẹ́yìn tí ọmọ ka kéú tán, Mùnírù ní ṣé Màmá rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òun. Àlájà fà á létí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi ni?”

Mùnírù rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tó ti rà á.