Ọjọ́ Tí Ó-dà-bíi-pé Kò Gbọ́ Nǹkan Kan

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ Oníbúrẹ́dì. Òun ló ṣu ún, kò sì gbàgbé fún ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mọ́kànlélógún.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ní ilé búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò bímọ, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó ti sọ ọ́ pé kí ọdún tó parí, òun á fa ààrò lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń po ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun á máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Bí òun bá ń po tirẹ̀, ẹ ó rò pé àwọn méjèèjì ń jà ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí náà ló ń ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń bù jẹ nídìí tábìlì Olúwa.

Ṣùgbọ́n òun náà ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀bùn àsọtẹ́lẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dìde ní ìpàdé àdúrà tó sọ ohun tí Ẹ̀mí fi sí i lọ́kàn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un lọ́nà, àwọn tó jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kó tó kí wọn. Ó dùn mọ́ ọn. Adùn yẹn ló bà á jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ó dìde láàárín ìpàdé, ó dijú, ó na ọwọ́ kan sókè, ó ní, "Báyìí ni Olúwa wí! Ọwọ́ kan wà láàárín yín tó ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ náà kò mọ́. Ẹ mú un kúrò nídìí ààrò!"

Ènìyàn méjì péré ló ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Ọ̀kan ló na ọwọ́ sókè tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó ku ọ̀kan.

Ọ̀gá bẹ̀rù Ọlọ́run débi pé kò béèrè ohunkóhun. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà dé ibi iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ kejì, épúrọ́ọ̀nù funfun rẹ̀ ló bá ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó mú un nílẹ̀, ó gbójú sókè, ojú òun àti ti Oníbúrẹ́dì tó ń yọjú ní fèrèsé sì ṣe mẹ́rin. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Ààrò bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ẹ̀bùn gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò tún dìde sọ àsọtẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn ènìyàn ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà á rò pé ẹni tí wọ́n lé á wá ṣọ́ọ̀ṣì míràn lọ. Ẹ kò mọ irú ènìyàn tó jẹ́. "Ilé Bàbá mi ni," ló sọ fún ẹni tó bi í. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n lọ, kó gbé mi." Ó kọ́ iṣẹ́ bàtà títúnṣe. Nígbà tó sì yege, kò síbi tó rí pàgọ́ sí ní gbogbo ìlú àfi iwájú ilé búrẹ́dì gan-an, ní òdìkejì títì. Épúrọ́ọ̀nù yẹn ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó wọ̀ ọ́ títí tí funfun rẹ̀ fi di dúdú, ó lẹ awọ mọ́ ibi tó ya, ó rán okùn tuntun sí i lọ́rùn. Láràárọ̀ tí Oníbúrẹ́dì bá ṣí fèrèsé kí ooru ààrò lè jáde, épúrọ́ọ̀nù ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá. Ọkùnrin náà kì í kí i. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró, á kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá, bí ẹni tó ń jẹ́ kí mọ́tò kọjá.

Ọkùnrin yìí wá ni Ẹ̀mí lọ bà lé.

Kò pariwo. Ó kàn jẹ́ pé nígbà míràn, bó bá gbé bàtà ẹnì kan lé orúnkún, tó ń fi òòlu lu awọ, ọ̀rọ̀ kan á wá sí i lọ́kàn nípa ẹni tó ni bàtà. Kò ní sọ ọ́ níwájú èrò. Á dúró di ìgbà tí onítọ̀hún bá dá wà, á wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbólóhùn kan náà ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo: "Ó dà bíi pé." Kò wí rí pé báyìí ni Olúwa wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-dà-bíi-pé.

Ó sọ fún olùkọ́ obìnrin kan, "Ó dà bíi pé kí o lọ wo ìyá rẹ lónìí. Má dúró di Sátidé. Gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dà á nù." Olùkọ́ lọ. Ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀, itan ti kán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà níbẹ̀. Nígbà tó sáré padà wá, tó fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àgọ́, ọkùnrin náà yarí.

"Dìde, jọ̀ọ́! Ẹni tó rán mi ni kí o lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kàn ọ́ lọ́dọ̀ èmi ni bàtà rẹ, ó ti gbà mí láyè jù."

Oníbúrẹ́dì gbọ́ gbogbo èyí láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ ọ́ lára jù kì í ṣe àwọn èyí tó ṣẹ. Èyí tí kò ṣẹ ni. Ó-dà-bíi-pé ti sọ fún awakọ̀ kan nígbà kan pé kó má ṣe rin ìrìn àjò kan. Awakọ̀ jókòó sílé. Nǹkan kan kò ṣe àwọn tó lọ. Àlàáfíà ni wọ́n lọ, àlàáfíà ni wọ́n bọ̀. Ẹlòmíràn á ní àdúrà ló yí i padà. Ó-dà-bíi-pé ti àgọ́ pa ní ọ̀sán gangan, ó rìn lọ sí gáréèjì, níwájú àwọn awakọ̀ yòókù, ó ní, "Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo sọ ọ́. Mo ṣì í gbọ́. Má bínú sí mi." Àwọn awakọ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi yí kọ́nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Oníbúrẹ́dì gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ìyẹ̀fun. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti àgọ́ dé gáréèjì. Ó ti tó ogún ọdún tí òun náà ti yẹ kó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì gbà ju kó sọdá títì.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ipò alàgbà ṣófo, Pásítọ̀ sì dárúkọ Oníbúrẹ́dì. Kò ṣàdéédé. Ó pẹ́ tó ti ń kó búrẹ́dì gbígbóná lọ fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, kò sì fi tó ẹnikẹ́ni létí; ẹnu àwọn aláìsàn ni Pásítọ̀ ti gbọ́. Pásítọ̀, tí kò tíì dé ìlú náà nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ní, "Ẹ̀bùn kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń fúnni, Ẹ̀mí kan náà ló pín in fún wọn, nítorí àwa yòókù ló sì ṣe fún wọn." Ìlànà wọn ni pé wọ́n á ka orúkọ ẹni náà lọ́jọ́ ìsinmi méjì, lẹ́yìn náà ìjọ á jókòó lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹni tí Ẹ̀mí bá bá sọ̀rọ̀ á dìde wí i.

Ìyàwó Oníbúrẹ́dì ń jó kiri ilé. Ọkọ rẹ̀ kò lè jẹun.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dé? Ipò alàgbà ni wọ́n fi ẹ́ jẹ o, wọn ò ní wọ́n fẹ́ yọ eyín ẹ."

"Ó rẹ̀ mí ni."

Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà á. Gbogbo ìjọ ló gba ọ̀rọ̀ Ó-dà-bíi-pé gbọ́. Bí ọkùnrin yẹn bá kàn mi orí lásán lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mirí. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Oníbúrẹ́dì ti sá fún ọdún mọ́kànlélógún; ó ti ń rò pé ó kọjá ibi tọ́wọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìpàdé, ó mú bàtà dúdú rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, ó sọdá títì. Ó dúró níwájú àgọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó-dà-bíi-pé gba bàtà, ó yí i po. Bàtà ló dá lóhùn. "Bàtà, sọ fún ẹni tó gbé ọ wá pé ọjọ́bọ̀ ni kó padà."

Oníbúrẹ́dì kò lọ. Ó ń wo òwú tó fi rán ọrùn épúrọ́ọ̀nù. "Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́. Ṣé Ọlọ́run ti bá ọ sọ nǹkan nípa mi?"

"Bàtà, o gbọ́ nǹkan? Àbí afẹ́fẹ́ ni?"

"Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ."

Ọkùnrin náà gbé òòlu sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ojú fèrèsé yẹn, ó wo ojú rẹ̀. "Bàtà lo gbé wá. Bàtà ni mo máa tún ṣe."

Ó sì tún un ṣe. Ní ọjọ́bọ̀, Oníbúrẹ́dì wò ó títí, kò rí ibi tí wọ́n ti rán an. Kò sí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, áḿbọ̀sì fún ọ̀tá.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ìjọ kún. Ìyá Ọ̀gá, opó bàbá tó ni ilé búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ọmọdé lọ. Oníbúrẹ́dì jókòó lórí àga kan tí wọ́n dá gbé sí iwájú, bàtà àtijọ́ tó ti dà bíi tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Pásítọ̀ béèrè bóyá Ẹ̀mí bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Gbogbo orí sì yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, sí ọ̀dọ̀ atúnbàtàṣe.

Olùkọ́ yẹn ló la ẹnu. "Bàbá wa, ẹ sọ̀rọ̀. Kí lẹ gbọ́?"

Ó-dà-bíi-pé dìde. Kò wọ épúrọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí i.

"Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń tẹ́tí," ló wí. "Bàtà ọkùnrin yìí wà lórí orúnkún mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ gbọ́! Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí n gbọ́. Bí mo bá gbọ́ 'rárá' péré, inú dídùn ni mà á fi sùn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Nítorí mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ohun tó wà láàárín wa, ó mọ̀ ọ́n, mi ò sì tíì dárí rẹ̀ jì í. Ìyẹn, ẹrù tèmi ni, èmi àti Ọlọ́run mi là ń bára wa fà á. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò rán mi. Ẹni tí wọn kò rán níṣẹ́, tó wá lọ ń jẹ́ iṣẹ́, kí la ń pè é? Bí ìyà bá tọ́ sí i, kí Ọlọ́run fi ẹnu ara Rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò ní yá A lẹ́nu tèmi."

Ó jókòó.

Pásítọ̀ nu ojú rẹ̀. Ìyàwó Oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀, ó sì ti ń tún gèlè rẹ̀ wé. Ó tán, àbí? Ọ̀nà ti là. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè dí i ti wí pé òun kò dí i.

Oníbúrẹ́dì kò lè gbé ojú kúrò lára ọkùnrin náà. Idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn wà nílẹ̀, gbogbo ayé ń wò ó, wọn ì bá sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sì fi idà sínú àkọ̀, nítorí pé idà náà kì í ṣe tirẹ̀. Kò fẹ́ràn mi, Oníbúrẹ́dì ń wí nínú ara rẹ̀. Kò fẹ́ràn mi, síbẹ̀ kò purọ́ mọ́ Ọlọ́run lórí mi. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi ni.

"Ó dáa," ni Pásítọ̀ wí, "àwọn tó bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n nawọ́ sókè."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Oníbúrẹ́dì rí àwọn ọwọ́ náà, ó rántí ọwọ́ kan tí wọ́n nà sókè ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó rí ara rẹ̀ lórí ìdúró, kò mọ ìgbà tó dìde.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi náà kò gbọ́ nǹkan kan."

Pásítọ̀ ní, "Alàgbà, ìwọ kọ́ la bi."

"Ẹ má pè mí ní alàgbà. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà."

Ìyá Ọ̀gá fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó gbé orí sókè. "Ọjọ́ wo, ọmọ mi?"

Ìyá náà ló bi í, ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí atúnbàtàṣe jókòó sí, ló kọjú sí. Ó gbé ohùn sókè, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ.

"Ọjọ́ tí mo ní Olúwa wí, Ìyá. Olúwa kò wí. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mọ́. Èmi ni mo fẹ́ ààrò."