Àga Tí Káfíńtà Wá Tún Ṣe

"Ta lẹ ń wá?"

Ìbéèrè náà bá káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, èkejì níta. Ó ti rìn kọjá ilé aláwọ̀ ewé yìí títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Á lọ, á padà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìgbà tó wá gbójú tán, ìyá àgbà kan ló yọ sí i, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí ìpàdé níbẹ̀.

Àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ káfíńtà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ni. Bí ojúlùmọ̀ bá rí i, á ní iṣẹ́ lòun wá ṣe. Àgbàlagbà bíi tòun, kí wọ́n bá a níbi ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

"Wọ́n ní àga yín kan bàjẹ́, ma," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Irọ́ gbuu! Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló júwe ilé náà fún un. Ọmọ yìí ló gbé ìkókó rẹ̀ wá lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá àgbà sì gba ọmọ-ọmọ mọ́ra, inú rẹ̀ ń dùn, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe yí padà báyìí, ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ìyá ọmọ sáré gbá a mú, orí ìkókó ì bá lu sìmẹ́ńtì. Ìyá ọmọ ò pariwo o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní gbé ọmọ yìí mọ́, àfi tí ẹ bá jáwọ́." Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ké ní yàrá, bàbá àgbà á dìde, á tún jókòó. Ó dùn ún wọ eegun.

Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó tún wo àpótí tó dì mú gírígírí.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ọ̀kan bàjẹ́. Ẹ wọlé, mò ń bọ̀."

Ó wọ yàrá inú lọ. Káfíńtà gbọ́ gbàù! Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Nígbà tí ìyá fi máa jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àga onígi wà lọ́wọ́ kan, ẹsẹ̀ àga wà lọ́wọ́ kejì.

"Ìhín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ìhín ni ìmọ́lẹ̀ wà jù."

Ìhín yìí, àárín yàrá ìpàdé gan-an ni! Káfíńtà kúnlẹ̀ ti àga. Awakọ̀ kan wọlé, nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e, àwọn mélòó kan sì tún dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n ń kí i, wọ́n sì ń jókòó yí i ká. Ó ń ṣa ìṣó, ìṣó ń já bọ́. Ìgò ọtí pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ayùn nínú àpótí, ó fi àkísà wé e. Kí òun yáa parí, kí òun gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Inú ike omi ni mo máa ń rọ tèmi sí. Ìyàwó mi á ní, 'Olówó orí mi, o mà ń mu omi o! Ó dáa fún ara.' Ọjọ́ tí òùngbẹ gbẹ òun náà ni àṣírí tú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Lánàá, ó kù díẹ̀ kí n mu ún. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Mi ò mu ún."

Káfíńtà gbé òòlù, ó dojú àga dé. Ibi tó ṣẹ́ ló wò, ó sì dúró. Igi tó ti ṣẹ́ tipẹ́ máa ń dúdú, eruku á ti wọ̀ ọ́. Èyí funfun báláú, òórùn igi ṣì ń jáde níbẹ̀. Ó gbójú sókè. Tíṣà ò wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

Ìjẹta kọ́ ni àga yìí ṣẹ́ o. Gbàù tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni. Omi lé ròrò sójú káfíńtà.

Ó fi ìṣó kan ẹsẹ̀ àga náà padà, ó gbé àga nàró. Iṣẹ́ parí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá a dúró. Ó gbé àga náà sí àlàfo tó wà láàárín awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì, ó jókòó lé e.

"Kò sẹ́ni tó pè mí wá tún àga ṣe," ló wí. "Mo fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ mi ni."

"Èmi, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní mo wá béèrè ọ̀nà ni," awakọ̀ dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń béèrè ọ̀nà ọ̀hún."

Nígbà tí wọ́n túká, káfíńtà yọ ìgò kúrò lábẹ́ ayùn, ó nà án sí Tíṣà. Ìyá fi ọwọ́ tó bó gbà á.

"Káfíńtà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n bá yín wá àga mìíràn?"

"Rárá o, ma. Ẹ má fọ́ òmíràn mọ́. Màá wá."